Ibi Tí Màmá Ń Wò

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ ní Dókítà Jígí, orúkọ yẹ̀yẹ́ sì ni nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọdún yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ láti fún un láyè nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó tọrọ, tí wọ́n ní kó lọ kọ́ nípa yíyẹ ojú wò dípò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ títún fíríìjì ṣe nígbà náà, rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní dókítà tí kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, tí kì í gé nǹkan kan, jígí ni yóò máa nù kiri. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì báyìí, ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí iṣẹ́ náà, àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ kò sì rántí mọ́ pé yẹ̀yẹ́ ni. Òun gan-an máa ń fi orúkọ náà dáhùn tí fóònù bá dún.

Ìsọ̀ awò ojú tó ti ń ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, láàárín ìsọ̀ bàtà àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Iwájú ni wọ́n to àwọn férémù sí, iná mọ̀nàmọ́ná tàn sí wọn lára, gbogbo wọn ń dán yinrin. Ẹ̀yìn ni yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé wà, níbi tí àga ńlá onírọ́bà dúdú kan wà, tí ẹ̀rọ onírin olójú méjì rọ̀ sórí rẹ̀ bí òwìwí. Nínú yàrá yìí ni Dókítà Jígí ti ń béèrè ìbéèrè kan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́: èwo ló mọ́ jù, ti àkọ́kọ́ ni àbí ti èkejì? Ìbéèrè náà ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ débi pé ó bi ọlọ́sàn kan lọ́jọ́ kan, ọlọ́sàn náà sì ronú díẹ̀, ó ní ti èkejì ni.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn ìgbà tí ẹni tó ti ń fún ojú pọ̀ wo ayé láti ọdún pípẹ́ bá kọ́kọ́ fi awò tuntun sójú, tó wá dákẹ́ lójijì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kórìíra nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ náà ń fi sí i lẹ́nu, òun náà ni “kò sí ohun tí awò lè ṣe mọ́.” Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá kan tó ń ránṣọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá náà ti pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mẹta níbòmíràn. Dókítà Jígí tan iná sí ẹ̀yìn ẹyinjú wọn, ó rí i pé àárín gan-an, níbi tí ìríran ti mú jù, ti gbó. Ilé ìwòsàn ti sọ bẹ́ẹ̀ náà fún wọn. Ó bá sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá aránṣọ kò sunkún. Wọ́n ki báàgì wọn bọ abẹ́ apá, wọ́n dìde, ó wá ku ìṣísẹ̀ kan kí wọ́n jáde, wọ́n yíjú padà.

“Tí mo bá jáde níbí báyìí,” wọ́n ní, “kí ni kí n máa ṣe?”

Dókítà Jígí ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi kàwé, “ẹ pẹ̀lẹ́” sì ni gbogbo ohun tó kù tó lè fún obìnrin náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó wádìí kiri, ó sì rí i pé ẹ̀kọ́ kan wà fún ohun tí ìyá aránṣọ béèrè: oyè másítà ọlọ́dún méjì nípa àwọn tí ìríran wọn ti dín kù, tí iṣẹ́ abẹ kò lè ràn, tí awò lásán kò lè ràn, ṣùgbọ́n tí wọn kò fọ́jú. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa lo ìwọ̀nba tó kù. Ó kàn sí àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ kàwé láyé ìgbà kan. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Gíga, ti gba oyè kejì nípa jígí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe jígí náà ló sì ń bá rin ìlú kiri báyìí pẹ̀lú mọ́tò àti báàgì aláwọ. Èkejì ń kọ́ni ní yunifásítì, ó ń lé oyè ọ̀mọ̀wé nípa ìdí tí àwọn ọmọ iléèwé kì í fi í rí ọ̀ọ́kán mọ́. Ọdún kẹfà rèé tó ti wà lẹ́nu rẹ̀, ojú tirẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń bàjẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹta ní ìsọ̀ mẹ́rin. Onísọ̀ mẹ́rin bi í pé ta ni yóò máa wá sọ́dọ̀ ẹni tí kò tajà. Gíga ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Olùkọ́ yunifásítì nìkan ló sọ pé kó lọ, pé irú wọn kò pọ̀ tó, pé kó ṣáà má jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bíi tòun.

Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń wálé, ní ohun tó bá wù ú ni kó ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi sùúrù sọ fún àgbàlagbà pé ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó dà bí ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣí ìsọ̀ kejì ní òdìkejì ìlú, orúkọ Dókítà Jígí ló sì fẹ́ kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó là á mọ́lẹ̀ fún un pé bó bá lọ fún ọdún méjì, ẹlòmíràn ni yóò bá níbẹ̀, òun kò sì ní lé ẹni yẹn jáde nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Kì í sì í ṣe òun ló dá a dúró. Ìyá rẹ̀ ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Màmá fi ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn ló ń ṣa lẹ́tà sínú ihò, ti òpópónà kọ̀ọ̀kan sínú ihò tirẹ̀, lára pátákó ńlá kan tó ga ju èèyàn lọ. Ihò ìsàlẹ̀ pátápátá wà fún lẹ́tà tí kò ní ibi tó ń lọ. Ìyá Onílẹ́tà ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì kà lẹ́ẹ̀mejì kì í kúrò lórí wọn mọ́. Nílé, Màmá kì í na ọmọ, wọn kì í pariwo. Ojú ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Bí onílé bá gbé bisikíìtì síwájú ọmọ, Màmá á wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ á ní òun ti yó. Ìwò kan wà fún “dìde kí àgbà jókòó,” òmíràn wà fún “ó tó gẹ́ẹ́,” ọ̀kan sì wà tó ṣọ̀wọ́n bí nǹkan mìíràn, èyí tó wà fún “o ṣe dáadáa.” Nítorí ìyẹn ni Dókítà Jígí fi kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n bí inú bá bí Màmá dénú, tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìbáwí, wọn kì í wo ọmọ náà rárá. Wọ́n á gbójú kúrò lára rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ purọ́ pé òun lọ sílé ẹ̀kọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni Màmá kò fi wò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń sunkún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú na òun.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Dókítà Jígí, tó ń gbé ní òpópónà kejì sí ti Màmá, lọ sọ fún wọn pé òun fẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́, pé wọ́n ti fún òun láyè. Màmá wà lórí àga onítìmùtìmù wọn ní pálọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ.

“Ó dáa,” Màmá wí.

Ṣùgbọ́n kọ́tìnnì ni wọ́n ń wò. Ó rò pé nǹkan kan ló wà níta tí wọ́n ń wò, ó bá gbé àga rẹ̀ síwájú kọ́tìnnì náà. Màmá rọra yí orí sí apá ọ̀tún, wọ́n ń wo ògiri. Ó gbé àga síbi ògiri. Màmá tún yí orí. Báyìí ni ìyá àti ọmọ ṣe ń lé ara wọn yí pálọ̀ po, títí Dókítà Jígí fi bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó sì jáwọ́. Ó lọ sílé. Màmá kò fẹ́ kó lọ. Ẹnu wọn ní ó dáa, ojú wọn ní kò dáa, láti kékeré ló sì ti mọ èyí tó yẹ kí èèyàn gbà gbọ́.

Ó kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi àyè òun pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé, ó tún sọ fún Màmá, Màmá tún ní ó dáa, wọ́n ń wo igun pálọ̀. Ó tún kọ̀wé. Ní gbogbo àkókò yìí, Màmá ń yí padà, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì kà sí ìbínú. Màmá kò ka ìwé ìròyìn mọ́. Wọ́n ní irọ́ àná ni wọ́n tún ń pa lónìí. Wọn kò fi okùn sí abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ní aṣọ tó bá ya kó ya. Wọ́n ń jókòó ti rédíò bí ẹni tí ayé ti sú.

Ojú wọn ńkọ́? Kò kúkú gbàgbé ojú. Lọ́dọọdún ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Páálí lẹ́tà kan tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná Màmá, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Dókítà Jígí ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Màmá ni aláìsàn àkọ́kọ́ tó ní láyé. Ọdún kan gbáko, lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, ni ọmọ wọn fi ń dá wọn dúró lórí ilà tó fi ṣọ́ọ̀kì fà sílẹ̀, tí wọn yóò ka lẹ́tà náà lọ, tí wọn yóò kà á bọ̀, ojú ọ̀tún, ojú òsì. Títí di òní, bí Màmá bá dúró lórí ilà yẹn, wọn yóò kà á délẹ̀ láìṣì kan. Dókítà Jígí á ní ojú wọn mú ju tòun lọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Kò gbé wọn dé orí àga onírọ́bà dúdú rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ojú ṣe ń ṣe sí ẹbí tiwọn: àlejò a jókòó sórí àga, ìyá wọn a dúró nílé ìdáná, ìkòkò a máa hó lórí iná.

Lẹ́tà ìgbàwọlé kẹta wá dé, èyí sì ní ìkìlọ̀ nínú. Ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn kò ní fi àyè rẹ̀ pamọ́ mọ́. Kó dáhùn kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù náà tó kọjá, bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn yóò fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní bó bá wù ú, kó kọ́kọ́ wá wo ibi tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ Jímọ̀ kan náà lòun fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè lórí fóònù bóyá ìwé yìí kì í tán ni. Ó pinnu pé òun yóò lọ wò ó, kó lè jẹ́ pé bó bá kọ̀ ọ́, kì í ṣe ohun tí òun kò rí lòun kọ̀. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti ń kọ̀ ọ́. Kò lè fi ọdún méjì jókòó sí kíláàsì kí ìyá rẹ̀ máa wo ògiri.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìnàjò náà, ó gé irun tó ti ń dì láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó gé e mọ́lẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ jọ ẹni tó ṣì lè kàwé. Ọ̀gá kò sọ nǹkan kan. Akọ̀wé iwájú ìsọ̀ kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Wákàtí méjì ni bọ́ọ̀sì fi dé ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó rò pé yàrá òkùnkùn bíi tìsọ̀ àwọn ni yóò bá, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n mú òun àti àwọn àlejò mẹ́rin mìíràn wọ̀ dà bí inú ilé: tábìlì, sítóòfù, kọ́ọ̀pù funfun lórí aṣọ dúdú, kọ́ọ̀pù dúdú lórí aṣọ funfun, àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta tí kò lọ síbì kankan. Olùkọ́ àgbà ibẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà pẹlẹbẹ, jókòó dojú kọ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Bàbá kọjú sí i gan-an, wọ́n ní aṣọ rẹ̀ làwọn rí, àwọn kò rí orí.

“Bàbá, ẹ má wo ojú mi mọ́,” olùkọ́ náà wí. “Ẹ wo ibi etí mi. Ẹ tún lọ síwájú sí i. Ẹ wo fèrèsé yẹn.”

Bàbá yí ojú kúrò lára rẹ̀ pátápátá, bí ẹni tó bá a jà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu wọn. “Ẹ wò ó, ẹ ò tiẹ̀ dàgbà,” wọ́n ní. “Láti ohùn yín, mo rò pé ẹ jù mí lọ.”

Gbogbo àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ṣàlàyé fún wọn pé àárín ìríran bàbá ló ti gbó, pé ohunkóhun tí wọ́n bá tẹjú mọ́ ni yóò pòórá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ṣì wà láàyè, ẹ̀gbẹ́ náà lèèyàn sì lè kọ́ láti fi ríran. Ó ní àwọn kan tiẹ̀ ń dá ọgbọ́n náà rí fúnra wọn láìsí olùkọ́. Àwọn ará ilé wọn ló máa ń wá fi ẹjọ́ sùn pé Bàbá ti di agbéraga, pé Màmá ń bínú, wọn kì í wo èèyàn mọ́.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ Dókítà Jígí. Ohun tó burú jù ni pé ó mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti kà á nínú ìwé. Ó ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò, wọ́n sì fún un ní máàkì lé e. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, omijé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀, ó ń nù ún, kò dá. Olùkọ́ náà jáde tẹ̀lé e. Kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

“Ìyá mi ni,” Dókítà Jígí dáhùn.

Olùkọ́ náà wọlé padà, ó mú páálí lẹ́tà tuntun kan wá fún un, lẹ́tà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́ pátápátá. Ó ní kó má yẹ̀ wọ́n wò bí ọmọ, kó yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tí kò mọ̀ rí.

Oòrùn ọ̀sán ṣì mú nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Màmá. Ó kí wọn ní pálọ̀, ó kọjá sí ilé ìdáná, ó yọ páálí àtijọ́ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi tuntun síbẹ̀. Ó pe Màmá pé kí wọ́n wá ka lẹ́tà. Màmá ráhùn pé ọdún kò tíì pé, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Ẹsẹ̀ wọn mọ ibi tí ilà ṣọ́ọ̀kì wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilà náà ti parẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú òsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè, lẹ́tà kan, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, ohùn wọn dún gbọnmọ-gbọnmọ bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ òpópónà níbi iṣẹ́. Wọ́n kà á dé ìlà ìsàlẹ̀ láìdúró, láìṣì kan. Páálí tí wọ́n kà wà ní ìdojúdé lórí tábìlì. Kò sí ọ̀kan nínú lẹ́tà tí wọ́n pè tó bá ti ara ilẹ̀kùn mu.

Dókítà Jígí jẹ́ kí wọ́n kà á tán. Kò lè dá wọn dúró.

“Màmá,” ó wí, “mo ti pààrọ̀ páálí.”

Màmá sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ì bá ti tètè wí, kó tó jẹ́ kí àwọn fi ara àwọn ṣẹ̀sín báyìí. Wọ́n padà sí pálọ̀, ó tẹ̀lé wọn, ọ̀rọ̀ sì tú jáde díẹ̀ díẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì. Àbààwọ́n kan ni wọ́n kọ́kọ́ rí láàárín ìwé ìròyìn, bí ẹni pé wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́; wọ́n nù ún, kò kúrò. Lẹ́yìn náà ni férémù ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Páálí lẹ́tà kì í ṣe ìṣòro, ó ti wà lórí wọn láti ogún ọdún. Ta ló kúkú kọ́ wọn? Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ. Wọ́n ní kí òun náà ronú sí i: bí wọ́n bá sọ, ṣé yóò tún lọ síbì kankan? Yóò jókòó tì wọ́n, yóò máa tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú.

“Ẹ ò bá kúkú wò mí nígbà tí mo sọ ọ́,” Dókítà Jígí wí. “Ọdún méjì, Màmá. Ọdún méjì lẹ ò fi wò mí.”

Ó ya Màmá lẹ́nu débi pé wọ́n gbàgbé láti bínú.

“Èmi? Èmi ni mi ò wò ẹ́?” wọ́n ní. “Tí mo bá kọjú sí ẹ, ọrùn ló máa ń kù, orí á ti lọ. Mo wá rí i pé tí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ ẹ, wàá padà dé, ojú, imú, gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rí ẹ ni wàá gbé àga. Ìwọ ni ò jókòó kí n wò ẹ́.”

Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kí òun rín tàbí ẹkún ni kí òun sun, ó bá ń ṣe méjèèjì.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé Màmá sórí àga onírọ́bà dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó mú wọn lọ bá dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú ní ilé ìwòsàn, ẹni tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ti èyí tó máa ń rọra gbó ni, pé kò sí oògùn tó lè dá èyí tó lọ padà, pé wọn kò sì ní fọ́jú biribiri. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ tètè rí i, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ó sọ ọ́ láti tù ú nínú. Kò tù ú nínú rárá.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ó wá sọ́dọ̀ Màmá pẹ̀lú bébà kan. Lẹ́tà tó fẹ́ fi sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé òun kò wá mọ́ ni, tó fi ọwọ́ kọ kó tó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ó ti pinnu: yóò gba ìsọ̀ kejì, yóò máa wà nítòsí. Màmá ní kó ka lẹ́tà náà sókè. Ó kà á. Wọ́n ní kó mú bébà náà wá, ó fi lé wọn lọ́wọ́.

“Ìyá tó ń ránṣọ yẹn,” Màmá wí, “kí lo ní o sọ fún un nígbà tó béèrè?”

“Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́.”

“Òun náà lo wá fẹ́ máa jókòó sọ fún mi?”

Màmá ká bébà náà sí méjì, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù tí wọ́n jókòó lé. Wọ́n ní ihò ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, ti lẹ́tà tí kò ní ibi tó ń lọ. Wọ́n wá ní kó gbé àga rẹ̀ wá síwájú àwọn, kó jókòó, kó má sì gbéra.

Ó jókòó. Màmá rọra yí ojú kúrò lára rẹ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n kọjá èjìká rẹ̀, títí ojú wọn fi dé ara kọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Gbogbo ara Dókítà Jígí ń sọ fún un pé kó gbé àga. Ó di apá àga mú gírígírí, kò gbéra.

“O ti gé irun ẹ,” wọ́n ní. “Ó bá ẹ mu. Ṣùgbọ́n o ti rù.”

Màmá ń wo kọ́tìnnì lọ, wọn kò ṣẹ́jú, etí ẹnu wọn ti ń yọ ẹ̀rín díẹ̀díẹ̀.

“Ó dáa,” wọ́n tún wí, ìgbà kẹta nìyẹn.

Ìwò tó ṣọ̀wọ́n yẹn ni, èyí tó wà fún “o ṣe dáadáa.” Ara kọ́tìnnì ló wà, Dókítà Jígí sì jókòó jẹ́jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lè wò ó tẹ́rùn.